Orí ọpọ́n ayò ni wọ́n ti pa Karume

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ ní Kisiwandui, ní ìgboro Zanzibar, níbi tí olú ilé ẹgbẹ́ òṣèlú Afro-Shirazi wà. Ààrẹ Zanzibar jókòó sídìí bao pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ayò ni bao yìí, àmọ́ tiwọn tóbi ju tiwa lọ. Ihò méjìlá àti ọmọ ayò 48 ni tiwa. Tiwọn, ihò 32 ní ìlà mẹ́rin, ọmọ ayò 64. Ẹni tó bá ti dé ìdí ayò rí nílẹ̀ wa mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹnikẹ́ni ló lè yà síbẹ̀, kó ní "Mo kọ́ta, mo kọ̀pẹ", kó dúró wòran, kó máa dá sí i. A kì í fi ẹ̀ṣọ́ yí ìdí ayò ká. Ibẹ̀ ni àwọn sọ́jà kan ti wọlé bá Abeid Amani Karume, tí wọ́n yìnbọn lù ú. Ẹni ọdún 66 ni. Ó ti lo ọdún mẹ́jọ àti oṣù díẹ̀ lórí oyè.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìtàn ọkùnrin yìí, ohun kan sì wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbò ló gbé e dìde. Ìbò pọ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ìjọba ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó sì dun òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ dé egungun. Nígbà tí àṣẹ wá dé ọwọ́ rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ka yan ìjọba Zanzibar mọ́ títí wọ́n fi gbé e sin. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn láti ibi àpótí ìbò dé ìdí ayò yẹn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín.

Erékùṣù ni Zanzibar, níwájú etíkun Tanganyika ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Méjì ló tóbi jù nínú wọn, Unguja àti Pemba. Gbogbo èèyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 300,000 lọ nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní ọdún 1958. Àwọn Lárúbáwá láti Oman ló jọba níbẹ̀; ní bí ọdún 1840, Sultan Oman gbé ààfin rẹ̀ wá síbẹ̀ pátápátá. Ohun tó fà á wá kì í ṣe afẹ́fẹ́ òkun. Kànnáfùrù ni. Kànnáfùrù yìí kan náà tí àwa ń rún sẹ́nu bí eyín bá ń dùn wá, tí àwọn alágbo ń jù sínú ìgò. Karafuu ni wọ́n ń pè é ní èdè Swahili. Ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni orúkọ tiwọn àti tiwa ti ṣẹ̀ wá. Ẹrú ló gbin ín, ẹrú ló ń ká a. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ibẹ̀ sábẹ́ ààbò wọn ní ọdún 1890, wọ́n sì fòpin sí oko ẹrú níwájú òfin ní 1897, ṣùgbọ́n ilẹ̀ oko kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ẹni tí kò nílẹ̀ kò sì rí ilẹ̀ gbà.

Ìgboro náà pín sí méjì. Stone Town ni àwọn Lárúbáwá àti àwọn Íńdíà olówò ń gbé, nínú ilé olókùúta. Òdì kejì omi ni wọ́n ń pè ní Ng'ambo, ohun tí orúkọ náà sì túmọ̀ sí gan-an nìyẹn: òdì kejì. Ibẹ̀ ni àwọn alágbàṣe ń gbé, àwọn tó ti ilẹ̀ Áfíríkà kọjá wá, àwọn ọmọ ọmọ ẹrú, àwọn apẹja. Àwọn onílẹ̀ àtijọ́ tún wà tí wọ́n ń pe ara wọn ní Shirazi, tí wọ́n ní Páṣíà ni baba ńlá àwọn ti wá. Mùsùlùmí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Kì í ṣe ẹ̀sìn ló yà wọ́n. Ilẹ̀ àti awọ ara ló yà wọ́n.

Ọmọ Ng'ambo ni Karume, ní ti ìgbésí ayé. Ọdún 1905 ni wọ́n bí i. Ìwé tó kà kò tó nǹkan. Ó ṣì kéré nígbà tó bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ èbúté káàkiri ayé, ó dé London pàápàá. Nígbà tó padà sílé, òun ló ṣáájú ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré tó ń gbé èrò láti inú ọkọ̀ ńlá wá sí èbúté. Ẹ fojú inú wo iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá ń ṣe é kò lè jẹ́ ẹni tí kò mọ èèyàn. Ó ń gbé òyìnbó, ó ń gbé Íńdíà, ó ń pàṣẹ fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ara wọn le. Bọ́ọ̀lù náà tún wà níbẹ̀: inú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn aláwọ̀ dúdú ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn jọ. Láti ibẹ̀ ló ti di olórí African Association, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1934. Ní oṣù Kejì ọdún 1957, ẹgbẹ́ yìí àti ẹgbẹ́ àwọn Shirazi, tí Thabit Kombo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà rẹ̀, para pọ̀ di Afro-Shirazi. ASP ni gbogbo ayé ń pè é. Julius Nyerere, aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú TANU ní Tanganyika, wà lára àwọn tó rọ̀ wọ́n kí wọ́n dọ́kan.

Ó yẹ kí n fara balẹ̀ lórí ìbò báyìí, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù Keje ọdún 1957 ni ìbò àkọ́kọ́. Àga mẹ́fà péré ni wọ́n ń du, ẹgbẹ́ Karume sì kó márùn-ún. Ní Ng'ambo, Karume fúnra rẹ̀ ló na Ali Muhsin, aṣáájú ZNP (Zanzibar Nationalist Party), ẹgbẹ́ tó ń bá tiwọn du ìjọba, ọmọ Lárúbáwá tó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Makerere ní Uganda. Atukọ̀ na ọ̀mọ̀wé. Ẹ lè rò ó bí ijó ṣe máa pọ̀ tó ní òdì kejì omi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìgbà tó di oṣù Kìíní ọdún 1961, nǹkan ti yí. Àwọn Shirazi kan, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Pemba, ti ya kúrò, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, ZPPP (Zanzibar and Pemba People's Party). Àga 22 ni wọ́n du. ASP gba 10, ZNP gba 9, ZPPP gba 3. Ní Chake Chake, ìbò ẹyọ kan ṣoṣo ni ASP fi wọlé. Àwọn mẹ́ta ZPPP yìí tún pín ara wọn: méjì lọ sọ́dọ̀ ZNP, ẹnì kan lọ sọ́dọ̀ ASP. Ó di 11 sí 11. Kò sẹ́ni tó lè ṣèjọba. Wọ́n fi àga kan kún un, wọ́n ní kí ìlú tún ìbò dì ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà. ASP ló ní ìbò tó pọ̀ jù lọ, àmọ́ àga 10 ló gbà, ZNP gba 10, ZPPP gba 3. ZPPP sì ti bá ZNP mulẹ̀. Ìjà bẹ́ lọ́jọ́ ìdìbò náà, ó sì wọ ìgbèríko. Èèyàn 68 ló kú, Lárúbáwá ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọdún méjì ààbọ̀ ṣì wà kí Mapinduzi, ìdìtẹ̀ tó gbàjọba ní 1964, tó dé, ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀.

Ìbò oṣù Keje ọdún 1963 ló bọ́ aṣọ gbogbo rẹ̀. Àga 31 ni wọ́n du báyìí. ASP gba 54 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò. Àga 13 ni wọ́n fi gbà. ZNP àti ZPPP pa tiwọn pọ̀, ó di 18. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni jí àpótí kó tó rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe pín ẹkùn ìdìbò ló fà á: níbi tí ASP ti lágbára, ìbò ń ya bí omi, ẹnì kan ṣoṣo náà ni wọ́n sì fi ń wọlé, níbi tí àwọn kejì ti wọlé, díẹ̀ ni wọ́n fi ń borí. Ẹni tó mọ ìṣirò lè ṣàlàyé rẹ̀. Ta ló máa ṣàlàyé rẹ̀ fún alágbàṣe tó tò nínú oòrùn, tó gbọ́ lẹ́yìn náà pé ẹgbẹ́ tòun ló pọ̀ jù, síbẹ̀ tó rí i pé Mohammed Shamte ti ZPPP ló di olórí ìjọba, àti pé Sultan Jamshid, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí ìtẹ́ bàbá rẹ̀ ní oṣù Keje kan náà, ló máa gba àsíá òmìnira?

Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1963 ni Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìjọba tuntun kò lo ọjọ́ 35.

Àṣìṣe kan wà tí ìjọba náà ṣe tí mo rò pé òun ló pa á. Wọ́n yọ àwọn ọlọ́pàá tó jẹ́ ọmọ Tanganyika àti ibòmíràn lórí ilẹ̀ Áfíríkà kúrò níṣẹ́, torí wọn ò fọkàn tán wọn. Àwọn wọ̀nyí mọ ibi tí ìbọn wà, wọ́n mọ ẹni tó ń ṣọ́ ọ àti ìgbà tó ń sùn. Wọ́n sì wà nígboro láìríṣẹ́. Ní òru mọ́jú Sunday, ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 1964, àwọn ọkùnrin tí àdá, ọ̀kọ̀ àti ọfà wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn ya wọ bárékè ọlọ́pàá ní Ziwani àti Mtoni, wọ́n sì kó ìbọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ìlú ti bọ́. Sultan sá wọ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bọ́ sí, Portsmouth ló sì ti di arúgbó. Mapinduzi ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà títí di òní. Ohun tó túmọ̀ sí ni dídojú nǹkan délẹ̀.

Ẹni tó ṣáájú ogun náà lójú gbogbo ayé kì í ṣe Karume. John Okello ni, ọmọ Lango láti Uganda, ẹni ọdún 26 tàbí 27, tó ti ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kiri ní Pemba, tó wá ń pe ara rẹ̀ ní Field Marshal. Òun ló ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ọ̀rọ̀ tó ń já àyà ẹni. Karume kọjá sí Dar es Salaam ní ọjọ́ tí ìjà náà ń lọ. Ibẹ̀ ni òun, Abdullah Kassim Hanga tó jẹ́ àgbà nínú ASP, àti Abdulrahman Babu ti jọ padà wá. Babu ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, Umma, tí ìjọba Shamte ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin dè. Okello kéde Karume ní Ààrẹ. Kò ju nǹkan bí oṣù méjì lọ, Okello rìnrìn àjò, nígbà tó sì fẹ́ padà wọ Zanzibar, Karume ní kí wọ́n dá a padà. Bó ṣe parí nìyẹn fún un ní erékùṣù náà.

N kò lè kọ ọ̀rọ̀ Mapinduzi kí n má dúró lórí òkú. Wọ́n pa àwọn Lárúbáwá ní ilé wọn, lórí oko, lójú ọ̀nà, tọkọtaya àti ọmọ. Iye tí wọ́n ń kà yàtọ̀ síra gan-an, àwọn kan ń sọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àwọn míràn ń sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Wọ́n bo àwọn Íńdíà náà ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Àwọn tó ní ọ̀nà sá lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú kò ní ilẹ̀, wọn ò ní ẹrú rí, ṣọ́ọ̀bù kékeré abúlé ni wọ́n ń tà. Ẹ̀ṣẹ̀ baba ńlá ẹlòmíràn ni wọ́n san. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa tó fẹ́ràn ìtàn òmìnira Áfíríkà máa ń fò ó kọjá. Kò yẹ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ ohun rere tí Karume ṣe, torí ó ṣe é, àwọn tó jẹ ẹ́ kò sì gbàgbé.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1964, ó kéde pé ilẹ̀ gbogbo di ti ìjọba. Láti ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e fún àwọn tí kò nílẹ̀, ẹ́kà mẹ́ta mẹ́ta fún ìdílé kan. Eka tatu ni wọ́n ń pè é. Ìdílé tó gbà á lé ní 20,000. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń ká kànnáfùrù fún ọlọ́lá wá ní igi kànnáfùrù tirẹ̀. Ilé ìwé di ọ̀fẹ́, ìwòsàn di ọ̀fẹ́. Ìlà Oòrùn Jámánì, tí Zanzibar gbà gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè nígbà tí ọ̀pọ̀ ìjọba ayé kọ̀ ọ́, wá bá wọn kọ́lé. Wọ́n kọ́ fúláàtì ní Kikwajuni àti Kilimani. Èyí tó ga jù lọ́kàn Karume ni ti Michenzani, ní àárín Ng'ambo gan-an: àwọn ilé gbọọrọ alájà púpọ̀, tí gígùn àwọn míràn nínú wọn sún mọ́ mítà 300. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ló fi iṣẹ́ ọwọ́ kún un. Omi ẹ̀rọ, iná mànàmáná, ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ilé, fún àwọn tí abẹ́ ewé ọ̀pẹ ni wọ́n ti ń gbé. Àwọn ayàwòrán ilé òde òní ń ṣàríwísí àwọn ilé náà pé wọ́n dà bí ògiri tí a tò sójú títì. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí òjò ti ń rọ̀ lé lórí rí, èmi ò lè sọ fún un pé ilé náà kò rẹwà.

Ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1964 ni Zanzibar àti Tanganyika di ọ̀kan, ohun tí wọ́n wá ń pè ní Tanzania kí ọdún náà tó parí. Nyerere ni Ààrẹ, Karume ni igbákejì àkọ́kọ́, ó sì ṣì jẹ́ Ààrẹ ní erékùṣù tirẹ̀. Àwọn Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ̀rù pé Zanzibar fẹ́ di Cuba ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà, ìṣọ̀kan yìí sì tù wọ́n lára. Orílẹ̀-èdè tiwa náà fẹsẹ̀ kan ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀: ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn Mapinduzi ni àwọn sọ́jà Tanganyika ṣọ̀tẹ̀, Nyerere ké sí Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìtìjú, ó sì jẹ́ pé sọ́jà Nàìjíríà ló wá rọ́pò wọn lọ́dún 1964 yẹn, tí wọ́n ń ṣọ́ ìlú títí Tanganyika fi tún ẹgbẹ́ ọmọ ogun mìíràn kọ́.

Ìṣọ̀kan náà kò mú àṣẹ Karume kúrò. Ó ní ọmọ ogun, ó ní ẹ̀wọ̀n, ó ní owó. Àpótí ìbò nìkan ni kò sí. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé Zanzibar kò ní dìbò fún àádọ́ta ọdún. Mo máa ń padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọkùnrin tó na Ali Muhsin ní Ng'ambo ní 1957 pẹ̀lú ìbò àwọn alágbàṣe, tó rí i bí 54 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe di òfo, òun náà ló wá sọ fún àwọn alágbàṣe yẹn kan náà pé wọn ò nílò ìbò mọ́. Ìgbìmọ̀ Mapinduzi, tí èèyàn inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọgbọ̀n, ló ń ṣòfin, òun kan náà ló ń dájọ́, òun ló ń mú ṣẹ.

Ohun tó tẹ̀ lé e rí bí ó ti máa ń rí níbi tí kò bá ti sí ẹni tó lè bi olórí léèrè. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Ìlà Oòrùn Jámánì kọ́ níṣẹ́ wà káàkiri. Ẹ̀wọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní Kwa Bamkwe, ìyẹn ilé àna. Ẹni tó bá lọ kí àna níbẹ̀, kò dájú pé á padà. Abdul Aziz Twala tó jẹ́ mínísítà fún ìṣúná owó, wọ́n pa á. Saleh Saadallah, wọ́n pa á. Hanga, tí òun àti Karume jọ wọ ọkọ̀ láti Dar es Salaam padà wálé ní oṣù Kìíní ọdún 1964, òun àti Othman Shariff, àgbà ASP mìíràn, wà lórí ilẹ̀ Tanganyika, ní àbẹ́ Nyerere. Nyerere fà wọ́n lé Zanzibar lọ́wọ́. Wọn ò wà láàyè lẹ́yìn 1969. Mo bọ̀wọ̀ fún Nyerere púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì yẹn, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ níbẹ̀. Òun náà sì mọ̀ ọ́n, torí a máa rí ohun tó ṣe nígbà tí ti Babu dé.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1970, wọ́n mú ọmọbìnrin mẹ́rin tí ìran wọn jẹ́ ti Páṣíà, wọ́n fi wọ́n fún àwọn ọkùnrin inú Ìgbìmọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Wọn ò fẹ́. Àwọn òbí wọn ò fẹ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó kọ̀ lọ sẹ́wọ̀n. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àwọn Lárúbáwá ti fi ọmọbìnrin dúdú ṣe àlè fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfẹ́ wọn sílé, torí náà kí ẹ̀jẹ̀ dà pọ̀ báyìí. Òótọ́ wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn obìnrin dúdú. Kí ló kan ọmọ ọdún mélòó kan tí wọ́n wọ́ jáde nílé? Ìròyìn náà ká gbogbo ayé, ó sì ba Tanzania lójú jẹ́ ju ohunkóhun tí Karume ti ṣe lọ.

Oúnjẹ wá di wàhálà. Èyí ni kò yé èèyàn tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, torí owó wà. Kànnáfùrù gbówó lórí láyé nígbà yẹn. Àwọn ará Indonesia, tí wọ́n ń rún un mọ́ tábà nínú sìgá wọn, ń rà á bí ẹni rà á fún ọdún. Ìjọba nìkan ló ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀, ní iye tí ìjọba bá fẹ́, ìjọba náà ló ń tà á sókè òkun. Karume ń to owó náà jọ sí báńkì ní London. Ó ní Zanzibar gbọ́dọ̀ gbin ohun tó máa jẹ, kó má ra ìrẹsì ẹlòmíràn. Èrò náà kò burú. Àmọ́ ó dín ìrẹsì àti ṣúgà tó ń wọlé kù kí oko tuntun tó so. Wọ́n ń wọn oúnjẹ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, àwọn ìyá ń jí lóru lọ tò. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ kékeré kọjá lọ sórí ilẹ̀ Áfíríkà láìgbàwé, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é. Ẹni tó bá fi kànnáfùrù ṣe fàyàwọ́, ikú ni. Ètò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń lé ibà kúrò ní erékùṣù náà dúró ní 1968, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàṣeyọrí; ibà padà wá.

Báyìí ni ìlú rí nígbà tí ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1972 dé.

Ẹni tó ṣáájú àwọn apànìyàn náà ni Humud Mohammed Humud, lẹ́fútẹ́nà nínú ọmọ ogun tí Karume fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Wọ́n ti pa bàbá rẹ̀ nínú àtìmọ́lé ìjọba Mapinduzi. Ọmọkùnrin náà wọ ṣọ́jà, wọ́n rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ sókè òkun, ó padà, ó gbébọn. Ó kú níbi ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Thabit Kombo, àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ASP sílẹ̀, fara gbọta ṣùgbọ́n ó yè.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà wa máa sọ: eléérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ò fẹ́ parí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀san ọmọ kan lórí bàbá rẹ̀ kò lè ṣàlàyé ìdí tí àwọn mìíràn fi tẹ̀ lé e wọlé. Bí ó bá jẹ́ Humud nìkan, ọ̀rọ̀ ilé kan ni. Kì í ṣe òun nìkan. Àwọn tí wọ́n fi sí àtìmọ́lé lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ débi pé nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973, ẹni 81 ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Púpọ̀ nínú wọn ti wà nínú ẹgbẹ́ Umma rí, àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé, tí wọ́n rò ní 1964 pé Mapinduzi máa jẹ́ ti gbogbo aráàlú.

Kò sí lọ́yà fún wọn. Òfin kóòtù tí wọ́n lò kò gbà á. Agbẹjọ́rò àgbà ìjọba ló ń pè wọ́n lẹ́jọ́, òun kan náà ni wọ́n ní kó sọ ohun tó bá wà ní ìhà tiwọn. Àwọn kan jẹ́wọ́. Àwọn mìíràn sọ níwájú adájọ́ pé ìyà ni wọ́n fi fa ìjẹ́wọ́ náà jáde lẹ́nu àwọn. Babu, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kúrò nípò mínísítà ní oṣù Kejì ọdún 1972, wà ní ẹ̀wọ̀n lórí ilẹ̀ Tanganyika. Zanzibar ní kí wọ́n fà á lé àwọn lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, Nyerere kọ̀. Wọ́n dá Babu lẹ́jọ́ ikú lẹ́yìn rẹ̀ ní 1974, àmọ́ kò rí ilé àna. Ọdún 1978 ni wọ́n tú u sílẹ̀, ó sì jáde lọ sókè òkun, níbi tó ti ń kọ̀wé tó ń kọ́ni. London ló kú sí ní 1996. Ó sọ títí dọjọ́ ikú pé ọwọ́ òun kò sí nínú ọ̀ràn náà.

Aboud Jumbe ló rọ́pò Karume. Ó dẹwọ́ díẹ̀. Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, owó tó wà ní London sì ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1977, ASP àti TANU ti Nyerere di ẹgbẹ́ kan, CCM. Ọdún 1980 ni àwọn ará Zanzibar tó tún rí ìwé ìbò fún ilé aṣòfin tiwọn, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà lórí rẹ̀. Ó di 1995 kí ẹgbẹ́ tó ju ọ̀kan lọ tó tún jáde dupò níbẹ̀, ìyapa tó sì wà láàárín Unguja àti Pemba ní 1961 jí padà bí ẹni tó sùn lórí ẹní.

Ní ọdún 2000, ọmọ Karume, Amani Abeid Karume, di Ààrẹ Zanzibar nínú ìbò tí àwọn alátakò ní èrú wà nínú rẹ̀. Wọ́n jáde fẹ̀hónú hàn ní oṣù Kìíní ọdún 2001, ọlọ́pàá yìnbọn, ó lé ní ọgbọ̀n èèyàn tó kú, Pemba ló sì pọ̀ sí jù. Nǹkan bí 2,000 fi ọkọ̀ kékeré sá lọ sí Kenya. Ó dà bíi pé ilé yẹn kò mọ ọ̀nà mìíràn.

Àmọ́ nígbà tó ku díẹ̀ kí sáà rẹ̀ kejì parí, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, Amani Karume jókòó pẹ̀lú Seif Sharif Hamad, aṣáájú àwọn alátakò, ọmọ Pemba tó ti lọ sẹ́wọ̀n rí, àwọn méjèèjì nìkan. Wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan pé kí ẹgbẹ́ tó bá wọlé àti èyí tó bá ṣe ipò kejì jọ máa ṣèjọba. Wọn ò kàn kéde rẹ̀ lórí rédíò bí àṣẹ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2010, àwọn ará Unguja àti Pemba tò, wọ́n tẹ̀ka. Nǹkan bí 66 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kisiwandui ni sàréè bàbá rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹgbẹ́ níbi tí wọ́n ti pa á. Ọdọọdún ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ni wọ́n ń ṣe àdúà níbẹ̀, gbogbo Tanzania sì ń gba ìsinmi. Láti ibẹ̀, èèyàn á máa rí àwọn ilé gbọọrọ Michenzani. Aṣọ wà lórí okùn ní fàráńdà, ọmọdé ń sá kiri nísàlẹ̀. Àwọn kan ṣì ń ta bao lábẹ́ igi.